Ooru Yàrá Ẹ̀yìn Nínú Ilé Onítáyà

Òórùn gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ni mo fi ń rántí ilé náà. Bí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án, òórùn yẹn á kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ooru á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni yóò tó rí ohun tí wọ́n ń pè ní ilé. Páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é níta, pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó nínú, gọ́ọ̀mù ló so méjèèjì pọ̀, táyà mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó máa ń so irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n á wọ́ ọ lọ sí etí òkun tàbí inú igbó, wọ́n á sun ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tún wọ́ ọ padà sílé. Ọkùnrin tó ra èyí tí mò ń sọ kò wọ́ ọ lọ síbì kankan. Ó rà á ní tòkunbọ̀, ó gbé e sórí ilẹ̀ kan ní Asese, nítòsí ọgbà àpéjọ ìjọ wọn, ó fi búlọ́ọ̀kù ti táyà rẹ̀, ó sì ń dúró síwájú rẹ̀ láràárọ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè bi í pé kí nìyí. Ilé onítáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Alàgbà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà ní ìjọ, Alàgbà náà ni n ó máa pè é níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn wà tí mo máa ń pè é nínú ikùn mi. Táìlì ló ń tà ní Mowe, ó sì rí ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í ṣe ohunkóhun àfi tí ojú bá ń wò ó. Àdúrà rẹ̀ kì í gùn àfi tí gbohùngbohùn bá wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn ará ìjọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó ń wá yàrá tí wọn ó háyà fún ọ̀sẹ̀ àpéjọ, àwọn tí kò rí yàrá ń múra ẹní tí wọn ó tẹ́ sí gbọ̀ngàn. Alàgbà ní òun ò lè bá èrò du ibi ìsùn. Ló bá lọ ra páálí onítáyà, ó ní ààfin ni.

Òun nìkan kọ́ ló fẹ́ gbé inú ààfin náà. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, àkọ́bí, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń retí. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì. Ẹni tó bá ní làákàyè á fi ìyá àti ìkókó sílẹ̀ ní Mowe nínú ilé búlọ́ọ̀kù tó ní fèrèsé gidi. Alàgbà ní rárá, gbogbo ọgbà gbọ́dọ̀ rí ohun tí Olúwa ṣe, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá wá wo ohun tí Olúwa ṣe, wọ́n á wo ilé onítáyà náà mọ́ ọn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti wá láti Ìfọ̀ láti wẹ ọmọ, láti máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn ọmọbìnrin rẹ̀ láràárọ̀ bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kó òun náà mọ́ ẹrù, ó di Asese.

Ní tèmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, mo háyà yàrá kan ní Ibafo, mo ní àpò irinṣẹ́ kan àti ìgbéraga tí àpò náà ò lè gbà. Mo ti ní kí wọ́n tẹ ‘Ẹnjiníà’ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní oníṣẹ́ ésíì, n kò ní dá a lóhùn títí yóò fi tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Bí mo bá rántí ọmọkùnrin tó wọ ẹ̀wù yẹn, ó máa ń wù mí kí n fà á létí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, èmi ò sì mọ̀ pé àkísà náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Iṣẹ́ tí Alàgbà pè mí sí kò ṣòroó sọ. Yàrá méjì ló wà nínú ilé onítáyà náà, ilẹ̀kùn kan ló là wọ́n láàrin. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ló ní, orí òrùlé yàrá iwájú ló jókòó sí, ibẹ̀ nìkan ló sì ń fẹ́ sí. Yàrá iwájú tutù débi pé Alàgbà ń fi kúbùsù bora lọ́sàn-án gangan. Yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ àti ìkókó ń sùn, gbóná bí ìdí ààrò. Mo bi í pé ṣé kò ní dáa kí àwọn obìnrin bọ́ síwájú kí òun bọ́ sẹ́yìn. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀. Ó ní iwájú lòun ti ń gba àlejò, àbí kí àwọn pásítọ̀ wá jókòó sábẹ́ nápì tó ń gbẹ ni?

Mo ní kí wọ́n kúkú ṣí ilẹ̀kùn àárín sílẹ̀, kí òtútù máa rìn. Ìyẹn ni Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, kò gbà. Àna ni òun àti Alàgbà. Lójú tirẹ̀, ìyá kan kì í tú gèlè, kì í nà gbalaja sórí ibùsùn níbi tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ti lè gbójú sókè kó rí i. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, àfi kó jókòó ṣánṣán pẹ̀lú gèlè lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo bá nílé yẹn, ìtìjú Màmá yìí nìkan ni mo lè bọ̀wọ̀ fún lónìí. Nígbà náà, mo ní ìwà ará oko ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó Alàgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ ti wú fún àìsùn. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kó tutù lónìí. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ooru ò bá wọn lára mu rárá. Tó bá le jù fún wọn, ilé ni wọ́n máa lọ. Mi ò tíì mọ ọmọ wẹ̀. Tó bá ń ké, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i, àwọn ló máa ń gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ wo Dádì.” Ó fẹnu júwe yàrá iwájú. “Ṣé ẹ rò pé àwọn ló máa bá mi gbé e ni?” Mo wo Dádì. Alàgbà nà gbalaja, kúbùsù dé àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi fóònù wo àwòrán ara rẹ̀. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ fọkàn balẹ̀, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá á máa wá súwẹ́tà kiri.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo lu ihò róbótó kan sókè ògiri tó là yàrá méjèèjì, mo ki páìpù rírọ̀ aláwọ̀ fàdákà bọ̀ ọ́, mo gbé ẹnu rẹ̀ kan sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń tu òtútù sí yàrá iwájú, mo sì de fáànù kékeré mọ́ ọn tí yóò máa tì í lọ sẹ́yìn. Títí débẹ̀, mi ò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mi ò tíì tán. Mo ní òtútù tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo nítorí rẹ̀ látàárọ̀ kò gbọdọ̀ sá jáde. Mo mú fóòmù àti téèpù, mo dí fèrèsé kékeré tó wà ní yàrá ẹ̀yìn pa, mo dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo dí gbogbo ibi tí ògiri ti lanu. Nígbà tí mo ṣe tán, èèrà ò lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo dúró, mo fi ọwọ́ lé ìbàdí, mò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ afárá.

Màmá ti jókòó sórí ibùsùn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ó ń wò mí. Epo pupa ló tà ní Ìfọ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ọmọ onílẹ̀ ni, Ẹ̀gbá ponbele ló ń sọ, tí yóò pe ‘wọ́n’ ní ‘wẹ́n’, èmi àti Alàgbà sì máa ń sín in jẹ bí kò bá sí nítòsí. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ọkọ mi, atẹ́gùn tó ti wà níbí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibo ni yóò gbà jáde?”

Mo ní, “Kò ní jáde, Màmá. Òtútù ló máa wọlé wá bá a.”

Ó ní, “Níbo ni yóò wá dúró sí?”

Mo ń ká téèpù mi lọ. Màmá nawọ́ mú agolo mílíìkì tí wọ́n fẹ́ fi mu ògì, ó fi ṣónṣó ọ̀bẹ lu ihò kan sí i, ó dojú rẹ̀ dé ife. Ẹ̀kán kan bọ́, ìkejì bọ́, ó dúró. Ó lu ihò mìíràn sí òdì kejì, mílíìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó ní, “Bí wẹ́n bá ń rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì náà, bákan náà ni. Èyí tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde kí èyí tó ń bọ̀ tó ráyè.”

Mo rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín músẹ́. Mo ní, “Màmá, mílíìkì nìyẹn. Ésíì lèyí.” Ó gbé agolo náà sílẹ̀, ó ní, “Ó dáa, ọkọ mi. Ìwọ lo kọ́ṣẹ́.” Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Wọ́n bu ọgbọ́n náà sínú ife fún mi ní tààràtà, mo ní mi ò mu. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo pàṣẹ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan téèpù mi, mo sì gba Ibafo lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, àṣẹ yẹn. Tí mi ò bá dé ibẹ̀ rárá, wọn ì bá ṣì ní fèrèsé kékeré kan tí wọ́n lè ṣí. Ẹnjiníà ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Fáànù mi ń hó lókè, yàrá náà ń gbóná sí i, àwọn obìnrin méjì yìí jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń retí òtútù tí mo ṣèlérí. Ní ọjọ́ kejì, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Màmá ń fi òróró pa ọmọ lára lórí itan rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ yí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sáré gba ìkókó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó já bọ́. Àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ló wá bá wọn gbé Màmá gba yàrá iwájú jáde, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gidi, ó ní tó bá tún lo ọjọ́ kan nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, òun ò ní lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí wọ́n yáa gbé e lọ sílé. Ìyàwó Alàgbà bẹ nọ́ọ̀sì náà pé kó fún àwọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré kí àwọn fi tún yàrá náà ṣe.

Alàgbà ńkọ́? Kẹ́ ẹ sì wò ó, inú bí i. Ó ní àwọn mẹkáníìkì náà fi bàtà elépo tẹ kápẹ́ẹ̀tì òun. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó fi ẹkún pè mí, mi ò sì rò pé ó purọ́ mọ́ ọn, torí nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọṣẹ ni mo bá lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìyá tó bí ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi mángòrò níta, aṣọ tútù wà níwájú orí rẹ̀, òun ń fọ kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má rò pé mo dé pẹ̀lú ìrònúpìwàdà. Fáànù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni mo gbé dání. Mo ti rò ó lójú ọ̀nà pé agbára ni kò tó. Mo so ó mọ́ páìpù, mo tan án, ó hó débi pé ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo na ọwọ́ sí ẹnu páìpù nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó jáde ju èémí ẹni tó ń kú lọ. Mo dúró síbẹ̀, òógùn ń wọ̀ mí lójú, n kò mọ ohun tó kàn. Ìgbà náà ni ìyàwó Alàgbà ṣí ilẹ̀kùn àárín láti wá mú bàsíà ìwẹ̀ ọmọ, atẹ́gùn tútù sì ti ẹnu páìpù fẹ́ lù mí lójú. Ó ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn náà dá. Mo ní kó ṣí i, ó fẹ́. Mo ní kó tì í, ó dá. Mo mú kó ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, obìnrin náà sì ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yàrá tí mo ti dí pa ti kún fún atẹ́gùn gbígbóná tirẹ̀, kò sí àyè tí òmíràn lè wọ̀ sí, bí fáànù ìbáà tó ti bàlúù. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jáde lọ sábẹ́ igi mángòrò, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ jàre.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbọn ọwọ́, mo ní, “Mo ti rí i. Èmi fúnra mi ti ń rò ó tẹ́lẹ̀.” Mo mú ayùn.

Ihò ni mo fẹ́ gbẹ́ sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àárín, kí ilẹ̀kùn lè wà ní títì nítorí Màmá, kí atẹ́gùn gbígbóná sì máa gba ibẹ̀ padà síwájú, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti tún un mú tutù. Alàgbà dìde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀kùn òkè òkun ni, a kì í gbẹ́ ilẹ̀kùn òkè òkun, kí làwọn èèyàn á sọ tí wọ́n bá rí i? Ìyàwó rẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́ kó gbóhùn sókè rí ní, “Ilẹ̀kùn ni, Dádì. Màmá mi ni wọ́n wà níta yẹn.” Alàgbà padà sídìí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo gbẹ́ ihò náà, ó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a ká sí méjì, mo kan àwọ̀n mọ́ ọn kí eku má baà gbabẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ. Kò tó wákàtí kan tí yàrá ẹ̀yìn fi tutù. Wọ́n mú Màmá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Ìyàwó Alàgbà jáde sí wa, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó ní ìyá òun ní òun ò ní lọ mọ́, òun máa dúró títí àpéjọ á fi parí. Ó gbé nápì ọmọ lọ sídìí omi, ó ń kọrin.

Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn. Alàgbà gbé mọ́ọ̀tì tútù kan fún mi, ó ṣí òmíràn fún ara rẹ̀, ó ní kí n jókòó nínú ààfin òun. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ò jìnnà sí àwọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Alàgbà na ọwọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ní, “Ìyá yìí ń ṣe mí ní kàyéfì o. Ẹni tí wọ́n bí sí ìdí ebu epo, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yan nídìí iná, òun ló wá ń dákú nínú ilé òyìnbó. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Màmá, Màmá ni. Tí kì í bá ṣe ti ọmọ, ta ló fẹ́ máa bá arúgbó pín ésíì?” Mo rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ pé mo rẹ́rìn-ín nìkan ni, mi ì bá máa rí àwáwí ṣe pé oníbàárà mi ni. Ṣùgbọ́n mo ní tèmi láti fi kún un. Mo ní, “Alàgbà, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá tuntun ni mo rí yẹn, ó kù kí n máa ru kẹ́ẹ̀gì epo tẹ̀lé wọn.” Mo wá yí ohùn padà, mo sín in jẹ, “Bí wẹ́n bá ń rọ epo, bí wẹ́n bá ń rọ epo.” A rẹ́rìn-ín títí mọ́ọ̀tì fi gba imú Alàgbà jáde. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ti ilé yẹn ò tilẹ̀ ní láti létí, èmi fúnra mi ló gbẹ́ ihò sí i.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá ti wé gèlè rẹ̀ padà, ó wé e dáadáa, kò yára. Alàgbà fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkọ ọmọ rere, èmi náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e. Màmá ní ká dìde. Ó kọjú sí mi, ó ní, “O ṣé, ẹnjiníà. Atẹ́gùn náà ń rìn. Ó ń gba òkè wọlé, ó ń gba ìsàlẹ̀ jáde, bó ṣe yẹ kó rí ló rí.” Ó tọ́ka sí àwọ̀n tí mo kàn. “Ọ̀rọ̀ yín náà ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Kò sí èyí tó fò mí ru.”

Alàgbà ní, “Ẹ má bínú, Màmá, eré la ń ṣe.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín.” Ó ti ilẹ̀kùn padà jẹ́jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Ìfọ̀. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ló dé, ṣebí yàrá ti tutù, ṣebí àná lẹ ní ẹ ò lọ mọ́. Màmá ò sọ ohun tó gbọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ọjà òun. Ó fi han ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa gbé orí ìkókó sórí apá nínú bàsíà, ó fi hàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó fi ọdún mẹ́jọ wá ọmọ, tó ń bẹ̀rù àtifi omi kàn án, ni òun nìkan kù sínú yàrá tútù náà.

Ó pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà níbẹ̀ lánàá. Ṣé ẹnìkan sọ nǹkan kan sí màmá mi ni?” Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi nìyẹn láti sọ òótọ́. Kò sí ẹni tó ń wò mí, mo dá wà nínú yàrá mi ní Ibafo. Mo ní, “Rárá o, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ó jọ pé Màmá ò fẹ́ràn òtútù ni. Àwọn àgbà, ara wọn kì í gbà á.” Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Òtútù. Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi. Ìbínú ló wà nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì ń bínú sí.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ilé onítáyà ti jẹrà mọ́lẹ̀ ní Asese, ewúrẹ́ ló ń gba àlejò níbẹ̀. Alàgbà ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Mowe, ó sì tún ti wá ohun mìíràn tó ń dúró síwájú rẹ̀. Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù, n kò wọ ẹ̀wù yẹn mọ́, mo ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà tán, èmi ni ìyàwó Alàgbà pè láti wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ó ní èmi ni ẹnjiníà àwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Yàrá márùn-ún ló wà lókè. Ó mú mi káàkiri, ó ń na ọwọ́ sí ibi tí òun fẹ́ ẹ sí, títí a fi dé èyí tó wà ní ìkángun, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ tààrà. Màmá ló wà nínú rẹ̀. Ó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tutù fún òógùn.

Ìyàwó Alàgbà ní, “Ẹ má wulẹ̀ wọn ibí. Yàrá Màmá nìyí. Mẹ́rin ni ésíì tí a fẹ́. Àwọn ò fẹ́ràn òtútù.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Màmá ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà.” Ó wo ojú mi, mo wo àpò irinṣẹ́ mi. Kò ní òun fẹ́ràn òtútù, kò ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo gbé mẹ́rin náà kọ́, mo ṣe é dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ náà mọ́ dáadáa, wọ́n sì yìn mí.

Mo ti fi ẹnu tẹ́ Alàgbà títí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Alàgbà kọ́ ló sọ pé Màmá ò fẹ́ràn òtútù. Ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, ẹnu náà ló ṣì ń jẹun lórí rẹ̀. Ó máa ń rọrùn fún mi láti kẹ́gàn ọmọkùnrin tó wọ ẹ̀wù ‘Ẹnjiníà’ nínú ilé onítáyà, bíi pé ẹlòmíràn ni. Nọ́ńbà ìyàwó Alàgbà wà lórí fóònù mi, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ti ń wọ yàrá ìkángun yẹn lọ́wọ́ báyìí. Mi ò tíì pè é.